Kí wọ́n tó sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ẹ fọ ẹ́ńjìnnì ná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Corolla 2005 yín ń kán ọ́ìlì sílẹ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì sì ní back seal, síìlì tó ń dí ọ́ìlì mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ni, ó ti ṣírò owó iṣẹ́ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ibẹ̀ gan-an ni tèmi náà ti ń kán. Wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n pààrọ̀ síìlì, mo sanwó tó dùn mí dé egungun, kò sì pẹ́ tí páálí tí mo ń tẹ́ sábẹ́ mọ́tò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Òkè ló ti ń jò látìbẹ̀rẹ̀. Rọ́bà abẹ́ top cover, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ti gan, ọ́ìlì wá ń gba igun tó wà lápá gíábọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ojú kì í tó.

Bí òrùlé tó ń jò ló rí: ibi tí omi ti wọlé kọ́ ló máa ń kán sí. Ọ́ìlì á tẹ̀ lé irin sọ̀ kalẹ̀, atẹ́gùn ojú títì á tún gbá a sẹ́yìn. Ibi tó ga jù lọ tí ọ́ìlì ti rin ni kí ẹ wá, kì í ṣe ibi tó ń kán.

Ẹ ò sì lè rí i lára ẹ́ńjìnnì tí ìdọ̀tí ti bò. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, ẹ fi náílọ̀nù bo alternator àti àpótí fúùsì, kí ẹ wá fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Bẹntiróòlù tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fi fọ ẹ́ńjìnnì yẹn, mi ò gbà á láyè lára mọ́tò mi; iná ò mọ ọ̀gá. Tó bá gbẹ, ẹ bu pàúdà ọmọ ọwọ́ wọ́n sára irin níbi tí ẹ bá fura sí, ẹ wa mọ́tò yí àdúgbò ká, kí ẹ padà wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì gbà á hàn kedere nínú pàúdà. Ibi tí ojú ò bá dé, ẹ tan iná fóònù, ẹ fi ya fídíò ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì láti òkè. Fídíò yẹn ló tú àṣírí tèmi.

Ẹ fi ìka kan èyí tó kán sílẹ̀ náà. Tó bá pupa, ọ́ìlì gíá tàbí ti power steering ni, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Àmọ́ ọ́ìlì gíá tó ti gbó máa ń dúdú, nítorí náà, ẹ wo ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti gíá, kí ẹ mọ èyí tó ń dín kù.

Lára ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE tó wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, top cover ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ yọ kọ́ìlì tó wà lórí plọ́ọ̀gì. Tí ọ́ìlì bá wà nínú ihò plọ́ọ̀gì, rọ́bà ibẹ̀ ti gan nìyẹn. Tuntun ni kí ẹ rà, ẹ má gba tòkunbọ̀ rọ́bà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ọjà Ládípọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù yí gbogbo etí rẹ̀ ká: ojú méjì péré ló nílò rẹ̀, níbi tí irin tó bo chain (ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì) ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù máa já sínú ọ́ìlì, á lọ dí asẹ́ tó wà nísàlẹ̀.

Tó bá jẹ́ apá ibi tí chain wà ló ń rin, ẹ wo tensioner, èyí tó ń mú kí chain le. Rọ́bà róbótó kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbó, owó kékeré ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ló gba ọgbọ́n: wọn ò gbọ́dọ̀ yí ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá wà níta, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti orí rẹ̀ wọlé kí wọ́n fi ìkọ́ rẹ̀ há a kí wọ́n tó dá a padà. Oil switch (sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì) àti ìdí filter ọ́ìlì, ẹ kàn fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà mìíràn rọ́bà filter àtijọ́ ló lẹ̀ mọ́bẹ̀ tí wọ́n gbé tuntun lé e.

PCV, fáàfù tí atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, ńkọ́? Ẹ yọ ọ́, ẹ mì ín. Tí kò bá dún, ó ti dí, atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì á sì máa ti ọ́ìlì jáde níbi gbogbo. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan síìlì kankan.

Bí gbogbo òkè bá gbẹ táútáú, tó jẹ́ inú ilé gíábọ́ọ̀sì nìkan ló ti ń kán, òótọ́ ni mẹkáníìkì yín sọ. Ẹ dúró tì í. Kó fi síìlì àtijọ́ hàn yín, kí ẹ sì wo ojú crankshaft, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, níbi tí síìlì ń jókòó sí, torí tí ó bá ti jẹ kòtò síbẹ̀, tuntun náà máa jò. Tó bá jẹ́ ọ́tò ni mọ́tò yín, kí wọ́n pààrọ̀ síìlì iwájú gíábọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àtúntú.