Pákó báàtì oní-ìpele 5 ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má tẹ̀lé ẹni tó ní kẹ́ ẹ ra kábọ́ọ̀nù

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní oṣù mẹ́jọ lẹ ti ń gbá tẹ́níìsì orí tábìlì, pé báàtì tí wọ́n ti lẹ rọ́bà mọ́ látilé-iṣẹ́ ti sú yín, ẹ fẹ́ ra pákó onígi tọ́wọ́ yín á lè darí. Ẹ wá ń béèrè: ṣé oní-ìpele 5 ni tàbí 7, ìyẹn iye igi pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ di pákó, àti irú èèkù wo? Oní-ìpele 5 ni. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Kóòṣì tó ń kọ́ mi nígbà yẹn wo bí mo ṣe ń gbá a fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní kí n lọ ra pákó tó ní kábọ́ọ̀nù nínú, ìyẹn fọ́nrán dúdú tó le tí wọ́n máa ń fi sáàárín igi, pé tó bá yá, yóò bá mi mu. Mo gbà, ṣebí ọ̀gá ló sọ̀rọ̀. Ó lé lọ́dún kan tí mo fi jìyà. Kí n kàn gbé báàtì dí bọ́ọ̀lù, ó ti fò kọjá tábìlì. Kí n tì í jẹ́jẹ́, á lọ sókè, ẹni tá a jọ ń gbá a á sì lù ú mọ́ mi lójú. Ni mo bá ń fawọ́ sẹ́yìn kí n má baà lù ú jù. Ọwọ́ tó bá ń bẹ̀rù bọ́ọ̀lù, ṣe ló máa ń le gbagidi. Nígbà tó yá, ìgbọ̀nwọ́ mi ò jẹ́ kí n sùn. Kóòṣì ní ẹsẹ̀ mi ni ò dáa! Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ní kí n máa fò sọ́tùn-ún sósì.

Bàbá àgbàlagbà kan ló là mí lójú. Ó nà mí ní géèmù mẹ́ta sí òdo, 11-2 ni ìkẹyìn. Ó wo báàtì mi, ó rẹ́rìn-ín, ó na tirẹ̀ sí mi. Báàtì gbígbó, igi lásán. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù fi ń bọ́ síbi tí mo fẹ́. Omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́.

Igi rírọ̀ máa ń gba bọ́ọ̀lù dúró díẹ̀, ọwọ́ á sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ pákó bẹ́ẹ̀, arère ló wà láàárín wọn, òun làwọn tó ń tà á ń pè ní ayous. Limba tẹ́ ẹ máa rí lára ìpele òde, afárá yẹn náà ni. Oní-ìpele 7 sábà máa ń nípọn, ó sì máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá èyí tó nípọn tó 5.5 sí 6 mm, tó wọn gíráàmù 80 sí 90.

Ẹ má gbára lé nọ́ńbà ìyára àti ìdarí tí wọ́n kọ sára páálí. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún ara rẹ̀ ní máàkì. Ẹ má sì gba “igi ni” lẹ́nu ẹni tó ń tà á: òfin tẹ́níìsì orí tábìlì ní kí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìnípọn pákó, ó kéré tán, jẹ́ igi, nítorí náà kábọ́ọ̀nù lè wà nínú rẹ̀ láìrú òfin. Ẹ wo etí rẹ̀. Ìlà dúdú tín-ín-rín láàárín ìpele, ẹ dá a padà.

Lórí rọ́bà, kí fóòmù abẹ́ rẹ̀ nípọn tó 1.8 mm ti tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ rọ́bà, ẹ fara balẹ̀ ká a láti igun kan. Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo fà á ya, igi sì tẹ̀ lé e. Mo lẹ òmíràn lé ojú pákó tó ti rí gbágungbàgun, rẹfirí sì ní mi ò lè lò ó nínú ìdíje. Kò tiẹ̀ wojú mi tó fi dá a padà, bí ẹni tó dá ẹran tó ti rà padà.

Pákó tẹ́ ẹ lè rà ni Stiga Allround Classic tàbí Yasaka Sweden Extra, oní-ìpele 5 ni méjèèjì, kò sí kábọ́ọ̀nù nínú wọn. Èèkù? Ẹ dì í mú kẹ́ ẹ tó rà á, èyí tí kò bá yọ̀ lọ́wọ́ yín ni.