Iṣan ọrùn ọwọ́ ṣì ń lù: ṣé ewu ti kọjá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mí, mo wà ní ọdún kẹrin. Wọ́n gbé ọmọ ọdún 7 tó já bọ́ lórí igi máńgòrò wá sí wọ́ọ̀dù wa. Eegun apá rẹ̀ kán lókè ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀. Ẹni tó ń to eegun ládùúgbò ti kọ́kọ́ fi ọparun tí wọ́n là dì í. Ọmọ náà ń ké ṣáá, ṣùgbọ́n iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń lù, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣé a lè fọkàn balẹ̀?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Igbe yẹn gan-an ni kí ẹ gbọ́. Compartment syndrome, ìyẹn kí ẹran wú nínú ibi tó há títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé ibẹ̀ mọ́, ni kó kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn.

Awọ líle tí à ń pè ní fascia ló pín ẹran apá sí yàrá-yàrá, kì í sì í nà. Bí eegun bá kán, ẹ̀jẹ̀ àti omi á ya sínú yàrá náà, ẹran á wú, kò sì ní ríbi wú sí. Ọparun tí wọ́n so pinpin á tún há a mọ́. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín inú ẹran ló kọ́kọ́ ń pa dé. Iṣan ńlá tí ẹ fọwọ́ kàn lọ́rùn ọwọ́ lè máa lù títí ẹran yóò fi kú. Ẹni tó bá ń dúró kí iṣan yẹn dákẹ́ ti pẹ́ jù. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 6 sí 8, ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kò dé lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ìka á ká, kò ní nà mọ́. Oníṣẹ́ abẹ kan, Richard von Volkmann, kọ nípa rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1881.

Ẹ rọra na ìka ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá figbe ta, tí ìrora náà sì wà nínú ẹran ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, tí kì í ṣe ojú ibi tó kán, ọ̀rọ̀ ti di kíákíá. Ẹ tẹ ẹran náà wò: ó máa ń le bíi pákó. Ọmọ kékeré kò lè ṣàlàyé. Ara rẹ̀ kò ní balẹ̀, á sì máa béèrè oògùn ìrora léraléra. Ẹ má kàn fi kún oògùn kó lè sùn.

Ẹ tú gbogbo ohun tí wọ́n dì. Bó bá jẹ́ P.O.P. (ẹfun líle tí wọ́n fi ń di eegun ní ọsibítù), ẹ là á títí ẹ ó fi rí awọ ara, òwú abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ibi òwú yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe. Bí wọ́n bá ká ìgbọ̀nwọ́ jù, ẹ rọra dín kíká rẹ̀ kù. Ẹ gbé apá sí ìwọ̀n ọkàn, ẹ má gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ á tún dín kù. Ẹ pe ọ̀gá yín lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá rọ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tíátà ló kàn, kí wọ́n la fascia náà.

Ẹ má bá ìyá ọmọ jà nítorí ọparun. Wákàtí tí wọ́n dì í ni kí ẹ bi í. Ẹni tí a bá ń bá wí kì í sọ òótọ́ àkókò.

ÌBÉÈRÈ: Tó bá jẹ́ ojúgun ló kán ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá inú ẹran wà lọ́dọ̀ wa.

ÌDÁHÙN: Yàrá 4 ló wà níbẹ̀, ti iwájú ló máa ń kọ́kọ́ há. Ẹ tẹ àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ wálẹ̀ kí ẹ wo ìrora, kí ẹ sì fọwọ́ kan àárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e, bóyá ó ti kú tipiri. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀: bí ti ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ 64, tí ti inú ẹran sì jẹ́ 40, 24 ló kù. Tí èyí tó kù bá ti dín sí 30, iṣẹ́ abẹ ló kù. Bí àmì bá ti hàn kedere, ẹ má dúró de ẹ̀rọ.