Síkáànù kejì dá ọ̀sẹ̀ oyún mi padà sẹ́yìn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Síkáànù tí mo kọ́kọ́ ṣe ní oyún mi jẹ́ ọ̀sẹ̀ 9. Bí mo ṣe ń kà á bọ̀, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 32. Àmọ́ èyí tí mo ṣe lánàá ní ọ̀sẹ̀ 30 ni. Ṣé ọjọ́ ìbímọ mi ti sún síwájú ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọjọ́ tí síkáànù àkọ́kọ́ fún yín ni kí ẹ dì mú. Ní ọ̀sẹ̀ 9, ọmọ kò tíì ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ, láti orí dé ìdí la sì ti ń wọ̀n ọ́n. Lásìkò yẹn, ọmọ òbí gíga àti ọmọ òbí kúkúrú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà gígùn rẹ̀ lè sọ ọjọ́ orí oyún; ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í sábà ju ọjọ́ 7 lọ. Bó bá di oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, oníkálukú ti ń dàgbà bí ìran tirẹ̀, ìyàtọ̀ ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kò sì ṣàjèjì.

Ohun tí "ọ̀sẹ̀ 30" yẹn ń wí ni pé ọmọ yín tóbi tó ọmọ ọ̀sẹ̀ 30. Ká ní tèmi ni, wọn ò ní máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ń kó ìyá lọ́kàn sókè lásán.

Fífẹ̀ orí, àyíká orí, àyíká ikùn àti gígùn egungun itan ni wọ́n wọ̀n. Ẹ̀rọ á pa wọ́n pọ̀ láti ṣírò ìwọ̀n ọmọ, ó sì lè fi ìdá 10 sí 15 nínú 100 ṣì í: ọmọ tí wọ́n kọ kílò 1.7 fún lè jẹ́ 1.5, ó sì lè jẹ́ 1.9. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ikùn lojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ. Bí oúnjẹ tó ń gba ibi ọmọ wọlé kò bá tó, ara á máa darí èyí tó wà sí ọpọlọ. Ẹ̀dọ̀ tí ọmọ ń kó ṣúgà pamọ́ sí á rù, ikùn á kéré, orí á sì wà bó ṣe yẹ.

Nítorí náà, ẹ béèrè ipò tí ọmọ yín wà láàárín àwọn ọmọ ọ̀sẹ̀ 32. Bí a bá to 100 wọn láti orí èyí tó kéré jù, tí tiyín bọ́ sáàárín 10 àkọ́kọ́, a ó fi Doppler, irú síkáànù kan, wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú okùn ìwọ́, a ó sì wo omi tó yí ọmọ ká. Ọ̀pọ̀ irú wọn kàn jẹ́ ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ le ni. Ẹ tún síkáànù náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Kó má yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohun tí ọmọ fi dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò tó àṣìṣe ẹ̀rọ. Àmọ́ bí ọmọ ò bá yí lára yín bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan. Kíá ni kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.