Orin mi ń dún lórí rédíò, owó rẹ̀ dà?

Ìbéèrè: Èmi fúnra mi ni mò ń ṣe orin mi, n kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ kankan. Rédíò ń lù ú dáadáa, àmọ́ owó tí wọ́n san fún mi lọ́dún tó kọjá kò tó ohun tí mo san ní sitúdíò. Ṣé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni?

Ìdáhùn: Ó lè má jẹ́ ìrẹ́jẹ o. Owó àpapọ̀ ni rédíò sábà máa ń san fún àjọ tó ń gbowó fáwọn olórin. Àjọ á yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, á wá pín ìyókù sórí àwọn orin tí wọ́n lù. Fún àwọn rédíò kéékèèké, ọ̀pọ̀ àjọ kì í ka gbogbo orin. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ń mú ṣe àpẹẹrẹ. Bí tiyín kò bá dún lọ́jọ́ náà, ó ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ó ń dùn mí, torí olórin adáṣe nìyà rẹ̀ ń jẹ jù.

Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìforúkọsílẹ̀ yín wò. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà: ti ẹni tó ṣẹ̀dá orin, àti ti àwo tí wọ́n gbà á sí. Àjọ tó ń gba ọ̀kan lè má gba èkejì. Ẹ wo Amẹ́ríkà: rédíò orí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń sanwó fún ẹni tó ṣẹ̀dá orin, nípasẹ̀ àwọn àjọ bí ASCAP àti BMI, kì í san kọ́bọ̀ fún akọrin. Rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń san ti àwo. Àjọ kan tó ń jẹ́ SoundExchange ló ń pín in: ìdá 50 nínú 100 fún ẹni tó ni àwo, 45 fún akọrin, 5 fún àwọn elégbè àti onílù. Olórin tó ni àwo rẹ̀ ló ni 50 àti 45 yẹn, àmọ́ àwọn kan á forúkọ sílẹ̀ bí akọrin nìkan, 50 á wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó gbà á.

Ẹ tún wo fáìlì tẹ́ ẹ fi ń ránṣẹ́ sáwọn DJ. Mo máa ń rí èyí tí wọ́n kọ “Track 3 final” sí, láìsí orúkọ olórin, láìsí nọ́ńbà ISRC, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 tí wọ́n fi ń dá àwo mọ̀. Ta ni wọ́n fẹ́ san irú owó bẹ́ẹ̀ fún? Orúkọ tẹ́ ẹ kọ sọ́dọ̀ àjọ ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, kí lẹ́tà kan má yàtọ̀.

Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé rédíò kan lu orin yín, ẹ kọ ọjọ́ àti aago rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àjọ yín kíákíá. Gbèdéke wà fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Bó bá ti kọjá, wọ́n lè pín owó náà fún ẹlòmíràn.