Fleetwood Mac kí Amẹ́ríkà tó mọ̀ wọ́n: ìdáhùn sí lẹ́tà àwọn òǹkàwé wa

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń gbọ́ àwo Rumours tí ẹgbẹ́ Fleetwood Mac gbé jáde, ohùn Stevie Nicks àti ti Christine McVie ni mo sì fi mọ̀ wọ́n. Láìpẹ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá sọ fún mi pé orin búlúùsì ni ẹgbẹ́ yìí kan náà fi bẹ̀rẹ̀, pé kò sí obìnrin kankan láàrin wọn nígbà náà, àti pé àwọn àgbààgbà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé orin ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n ń kà sí orin Fleetwood Mac. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí a kì í gbọ́ ọ? Òǹkàwé yín ní Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ pọ́ńbélé ni ẹ̀gbọ́n yín sọ, inú wa sì dùn pé ẹ béèrè, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn wá lọ́kàn pẹ́. Ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967 ni Peter Green, ọmọ Bethnal Green ní apá ìlà-oòrùn ìlú náà, ẹni tó ti gba ipò Eric Clapton, gbajúmọ̀ atagìtá, nínú ẹgbẹ́ olórin búlúùsì tí John Mayall ń darí, kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún. Ọ̀dọ̀ Mayall yìí ni òun, Mick Fleetwood tó ń lu ìlù àti John McVie tó ń ta gìtá bàsì ti jọ ṣiṣẹ́. Nígbà tí Green fẹ́ dá dúró, orúkọ àwọn méjèèjì ni ó fi sọ ẹgbẹ́ náà (Fleetwood, àti Mac láti inú McVie), kì í ṣe orúkọ ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé McVie ò tíì gbà láti bá a lọ, nítorí pé owó tó ń wọlé déédéé lọ́dọ̀ Mayall kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ló bá wọn ta gìtá bàsì ní Windsor ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde síta. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni McVie tó dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ orúkọ yìí sọ́kàn, torí pé ibẹ̀ ni a óò padà sí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹgbẹ́ tí kò rówó ná, tí kò sì lórúkọ, ni wọ́n nígbà náà. Àwo wọn àkọ́kọ́, tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 1968, dé ipò kẹrin láàrin àwọn àwo tí wọ́n ń rà jù ní Ìlú Ọba. Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, orin tí wọ́n pè ní Albatross bọ́ sí ipò kìíní pátápátá; títí di òní, kò sí orin Fleetwood Mac mìíràn tó dé ipò yẹn níbẹ̀, títí kan àwọn tó wà nínú Rumours. Amẹ́ríkà ni kò mọ̀ wọ́n. Ohun tí Amẹ́ríkà kò bá sì mọ̀ lágbo orin rọ́ọ̀kì, ó ṣòro kí rédíò ibòmíràn tó rántí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Albatross, nítorí pé ẹni tó bá gbọ́ ọ dáadáa ti mọ ohun tí Peter Green ń ṣe. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pá tí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ wé lórí ni Fleetwood fi lu ìlù rẹ̀, ìlù náà ń dún gbì, gbì, jẹ́jẹ́, McVie sì ń tẹ̀ lé e láìkánjú. Lókè wọn ni gìtá Green àti ti Danny Kirwan ti pàdé. Kirwan jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tó darapọ̀ mọ́ wọn ní oṣù Kẹjọ ọdún 1968. Ibi tí ẹlòmíràn ì bá ti da ohùn mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹyọ kan ni Green yóò ta, yóò sì jẹ́ kí ó dún tán kí ó tó ta èkejì. George Harrison fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìró orin yìí ni àwọn Beatles ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe orin wọn, Sun King, ní ọdún 1969.

Gìtá Green pàápàá ní ohun tirẹ̀. Gibson Les Paul tí wọ́n ṣe ní ọdún 1959 ni, irú èyí tó ní ẹ̀rọ kékeré méjì lára tó ń gba ìró okùn. Nínú ti Green, òòfà inú ọ̀kan nínú ẹ̀rọ méjèèjì kọjú sí ìhà òdì, nítorí náà bó bá ṣí àwọn méjèèjì pọ̀, apá kan ìró náà á máa pa apá kejì, èyí tó kù á sì jáde ní tẹ́ẹ́rẹ́, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú àmù òfìfo. Gary Moore ló ra gìtá náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Lónìí, ọwọ́ Kirk Hammett ti ẹgbẹ́ Metallica ló wà. Ṣùgbọ́n gìtá nìkan kọ́ ni ó ń dá orin náà kọ: B.B. King, tí gbogbo ayé búlúùsì ń wárí fún, sọ ní gbangba pé ohùn gìtá Green dùn ju ti ẹnikẹ́ni tí òun ti gbọ́ lọ.

A kò ní sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà ló dára bákan náà. Jeremy Spencer, atagìtá mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà, tó máa ń ki páìpù kékeré bọ ìka láti fi fa okùn gìtá, fẹ́ràn Elmore James, ọ̀gá olórin tó kú ní ọdún 1963, débi pé kò fẹ́ kọ ohun mìíràn. Nínú àwo wọn kejì, Mr. Wonderful, orin mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi ìró gìtá Elmore James kan náà bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń sú ni. Àmọ́ inú àwo yẹn kan náà ni Love That Burns wà, èyí tí Green kọ bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Ibẹ̀ náà sì ni Christine, tí ẹ mọ̀ nínú Rumours, ti kọ́kọ́ bá wọn tẹ dùùrù gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ọ̀rọ̀ pé kò sí obìnrin kankan níbẹ̀ nílò àtúnṣe díẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó mú wa bọ̀wọ̀ fún wọn jù ni pé wọ́n lọ sí orísun. Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, wọ́n wọ sítúdíò ilé iṣẹ́ agbórinjáde Chess ní Chicago, wọ́n sì jókòó pẹ̀lú Otis Spann, Willie Dixon, Buddy Guy àti Walter Horton, àwọn aláwọ̀ dúdú tí orin náà jẹ́ tiwọn. J.T. Brown, tó ti fun sasofóònù fún Elmore James fúnra rẹ̀, wà níbẹ̀ tó ń fun ún fún Spencer. Lẹ́yìn ìyẹn, Green, Kirwan àti McVie bá Spann ṣe odidi àwo kan, wọ́n sì jẹ́ kí orúkọ Spann wà níwájú.

Báwo ni gbogbo èyí ṣe wá di ohun tí a kì í gbọ́? Green kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 1970. Ó ti ń rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn máa fi owó àwọn ta àwọn aláìní lọ́rẹ, wọn kò gbà, àìsàn ọpọlọ sì bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Spencer jáde kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Los Angeles ní oṣù Kejì ọdún 1971, ó sì bá ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan lọ. Wọ́n lé Kirwan ní ọdún 1972. Àwọn tó kù látìbẹ̀rẹ̀ kò ju Fleetwood àti McVie lọ, àwọn gan-an ló sì ni orúkọ náà! Bí Green bá ti fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ẹgbẹ́ náà ni, ìbá ti bá a lọ, à bá sì máa ka ẹgbẹ́ méjì lónìí. Dípò bẹ́ẹ̀, orúkọ náà kó lọ sí Kalifóníà ní ọdún 1974, Lindsey Buckingham àti Stevie Nicks wọlé, nígbà tó sì di ọdún 1977, Rumours dé, èyí tí wọ́n ti tà ju mílíọ̀nù 40 lọ. Àwọn oníròyìn wá ń pe gbogbo ohun tó ṣáájú ní ìgbà ìkọ́ṣẹ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹgbẹ́ tó ti parí ohun tirẹ̀ ni ẹgbẹ́ Green, ohun tí àwọn ará Kalifóníà sì ṣe lẹ́yìn náà dára ní ọ̀nà tirẹ̀, láìjẹ́ pé èkíní ni àtẹ̀gùn fún èkejì.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi ń bá mi jiyàn pé Fleetwood Mac ló ni orin Black Magic Woman. Mo ní ti Santana ni. Ta ló jàre? Òǹkàwé yín ní Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín ló jàre. Peter Green ló kọ ọ́, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1968, ṣùgbọ́n kò kọjá ipò 37 ní Ìlú Ọba. Ní ọdún 1970 ni Santana fi ìlù kóńgà àti tìmbálè tó ti Kúbà wá sí i, ó sì bá a dé ipò kẹrin ní Amẹ́ríkà. Ẹ gbọ́ ti Green lẹ́yìn ti Santana, ẹ óò rí i pé gìtá náà ti ń sọ ohun kan náà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú èèyàn tó kéré lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ta á lórí pèpéle ní ọdún 1998, ní ọjọ́ tí wọ́n fi Fleetwood Mac àti Santana sínú ìwé ọlá àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà.

ÌBÉÈRÈ: Níbo ni kí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí ti bẹ̀rẹ̀? Òǹkàwé yín ní Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Albatross, kí ẹ tẹ̀ síwájú sí Need Your Love So Bad, lẹ́yìn náà Man of the World, kí ẹ tó wá gbé Then Play On ti ọdún 1969 sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ tán. Oh Well tí wọ́n gbé jáde ní ọdún náà pín sí apá méjì: èkíní gbóná, èkejì jẹ́ gìtá rírọ̀ lọ́nà àwọn ará Sípéènì, ẹ má ṣe fi èkejì sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń ra àwo, torí pé èyí tó jáde ní ọdún 1968 àti èyí tó jáde ní ọdún 1975 ń jẹ́ Fleetwood Mac bákan náà. Ọdún tó wà lẹ́yìn páálí rẹ̀ ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó.