Ẹ Bi Àǹtí: Ẹlẹ́dẹ̀ inú carbonara, bílì tó wú, àti pásítà tó le

Nínú lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ rẹsitọ́ráǹtì àwọn ará Ítálì ló pọ̀ jù. Kò yà mí lẹ́nu, torí oúnjẹ yìí ò mọ sí VI àti Ìkòyí mọ́, ó ti dé Lẹ́kí, ó ti dé Ìkẹjà GRA, èèyàn sì lè wọ ṣòkòtò jíǹsì lọ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kó padà sílé. Mo mú àwọn ìbéèrè tó máa wúlò fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Alhaji mi fẹ́ gbé mi jáde torí ọdún mẹ́wàá ìgbéyàwó wa, ó ní rẹsitọ́ráǹtì Ítálì kan wà ní VI tí wọ́n ń yìn fóun. Mo ti wo mẹ́nù wọn lórí Instagram ṣùgbọ́n orúkọ àwọn oúnjẹ yẹn ò yé mi, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ jẹ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ọtí láìmọ̀. Ojú tún ń tì mí láti máa bi wétà ní oríṣiríṣi ìbéèrè níwájú àwọn èèyàn. — Ìyàwó Alhaji, Agége

Ìyàwó Alhaji, ẹ kú oríire ọdún mẹ́wàá, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jọ pẹ́ fúnra yín. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín rárá. Iṣẹ́ wétà ni kó dáhùn ìbéèrè, tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, kó wọ kíṣìnì lọ bi kúùkù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yín kọjá nǹkan tẹ́ ẹ máa tìtorí ojú ayé gbé jù sẹ́yìn.

Àwọn orúkọ tẹ́ ẹ máa ṣọ́ nìyí: prosciutto, pancetta, guanciale, salami, mortadella. Tẹ́ ẹ bá rí i lórí mẹ́nù tí wọn ò kọ ẹran màlúù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, ẹ gbà pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Pepperoni náà, ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n sábà máa ń pò pọ̀ ṣe é, àmọ́ ti màlúù nìkan náà wà nílùú yìí, ẹ ṣáà béèrè. Carbonara tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ yẹn, ẹyin, ṣíìsì pecorino, ata dúdú àti guanciale ni wọ́n fi ń ṣe é ní Róòmù, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ sì ni guanciale, torí náà ẹ fò ó.

Èyí tó máa ń mú àwọn èèyàn wa jù ni bolognese, torí ojú ẹran màlúù lílọ̀ ni wọ́n fi ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni o, màlúù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Bologna gan-an, wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ́ pancetta síkòkò, wọ́n á tún da wáìnì sí i. Ọ̀pọ̀ kíṣìnì l'Ékòó ò ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀, màlúù nìkan ni wọ́n ń lò, àmọ́ ẹ má fọkàn rò ó, ẹ bi wọ́n.

Ọtí ló wá fara sin jùlọ. Risotto, ìyẹn ìrẹsì wọn tó máa ń ki pọ̀ mọ́ra, wáìnì funfun ni wọ́n sábà máa ń dà sí i kí omi ẹran tó wọlé. Pásítà tó ní ìṣáwùrú àti edé náà, wáìnì máa ń wà nínú ẹ̀. Penne alla vodka ti jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀. Tiramisù, àkàrà òyìnbó tí wọ́n rì sínú kọfí, tí wọ́n wá fi mascarpone (ṣíìsì rírọ̀ kan) bò, ọ̀pọ̀ kúùkù ló máa ń da wáìnì Marsala tàbí ọtí rum sínú kọfí yẹn. Ẹnì kan lè sọ fún yín pé iná ti gbé gbogbo ọtí lọ, kì í ṣe òótọ́, díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù níbẹ̀, tiramisù ò sì ríná rárá. Ti panna cotta, ìyẹn ìpápánu aládùn tí wọ́n fi kírímù ṣe, gelatin ló ń mú un dì, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí ọ̀pọ̀ gelatin.

Ohun tẹ́ ẹ wá lè jẹ kọ́kàn yín sì balẹ̀ pọ̀ o. Pizza Margherita, tòmátì, ṣíìsì mozzarella àti ewé basil ló wà lórí ẹ̀ (basil yìí, ìbátan ẹ̀fínrín wa ni, ẹ máa gbọ́ òórùn ẹ̀). Penne arrabbiata, tòmátì, aáyù àti ata, èyí ni mo fẹ́ràn fún yín jù torí ó máa ta yín lẹ́nu bó ṣe yẹ. Aglio e olio, aáyù, òróró olífì àti ata gbígbẹ. Kí Alhaji pè wọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú kó ní "a ò ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, a ò ń jẹ oúnjẹ tó ní ọtí, kí lẹ lè sè fún wa?" Kíṣìnì tó bá mọṣẹ́ á dáhùn wẹ́rẹ́. Èyí tó bá ń kùn, ẹ wá ibòmíì lọ, VI ò kéré.

Àǹtí, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì lọ jẹun nílé oúnjẹ Ítálì kan ní Ìkẹjà. A ti ṣírò ohun tá a jẹ lórí mẹ́nù, ₦40,000 géérégé, ìgbà tí bílì dé ₦49,000 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan bínú débi pé ó fẹ́ pe mánijà ní olè. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni? — Sisí Ògbà

Sisí, ẹ bá mi bẹ ọ̀rẹ́ yín. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò ẹ̀. VAT, ìyẹn owó orí ọjà ti ìjọba àpapọ̀, jẹ́ 7.5%, ìyẹn ₦3,000 lórí ₦40,000. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ní owó orí tiwọn lórí oúnjẹ téèyàn bá jẹ ní rẹsitọ́ráǹtì àti òtẹ́ẹ̀lì, òfin 2009 ló gbé e kalẹ̀, 5% ni, ₦2,000 nìyẹn. Tí rẹsitọ́ráǹtì bá wá fi service charge (owó ìtọ́jú oníbàárà) 10% sí i, ₦4,000 tún wọlé. Ẹ ro ó pọ̀, ₦49,000 ló máa jẹ́. Ó jọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é, tí bílì yín bá là á sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò lè pè wọ́n lólè.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì parí o, torí apá ibì kan wà tí ọ̀rẹ́ yín fi lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Owó méjì àkọ́kọ́ yẹn, ti ìjọba ni, rẹsitọ́ráǹtì kàn ń bá wọn gbà á ni. Service charge ò sí lára owó orí ìjọba kankan, ilé oúnjẹ náà ló fúnra ẹ̀ gbé e ka bílì, torí náà ó yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́ síbi téèyàn ti máa rí i kó tó jẹun. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ti 2018, sọ pé kí oníṣòwò gbé iye owó ọjà ẹ̀ síta kí oníbàárà rí i, kó má sì gbà ju iye tó gbé síta lọ. Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n máa fi lẹ́tà wínníwínní kọ "owó yìí ò tíì ní VAT àti service charge nínú" sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé ìgò sójú ló lè kà á. Ó ń dun àwọn èèyàn, ó sì ń lé oníbàárà lọ. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó báyìí, ẹ bi wétà: "ṣé owó tó wà lórí mẹ́nù yìí lá a máa san, àbí ẹ ṣì máa ro nǹkan mọ́ ọn?" Tí bílì bá dé tí wọn ò là á, ẹ ní kí wọ́n là á kẹ́ ẹ tó fa káàdì yọ.

Tí service charge bá ti wà níbẹ̀, ẹ ò jẹ wétà ní tíìpù mọ́. Àmọ́ owó yẹn kì í sábà dé ọwọ́ wétà ní gbogbo ibi, torí náà tó bá tọ́jú yín dáadáa, ẹ fi nǹkan díẹ̀ sí i lọ́wọ́ ní káàṣì. Ẹ tún ṣọ́ omi inú ìgò àti búrẹ́dì o. Ní Ítálì lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń gba owó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní coperto lórí orí kọ̀ọ̀kan tó jókòó, búrẹ́dì sì máa ń bá a rìn. L'Ékòó, ibì kan ń gbé búrẹ́dì wá lọ́fẹ̀ẹ́, ibì kan ń tà á, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó bù ú jẹ.

Kí ló dé tí pásítà wọn máa ń le? Mo ní kí wétà dá a padà sórí iná, ó wò mí bí ẹni tó bú ìyá ẹ̀. — Baálé ilé kan, Ṣómólú

Bàbá, ẹ má bínú sí i. Sìpàgẹ́tì tá à ń sè nílé, a máa ń jẹ́ kó rọ̀ dáadáa kó lè mu ata, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Tiwọn, wọ́n máa ń gbé e kúrò lórí iná nígbà tí àárín ẹ̀ ṣì le díẹ̀ sí eyín, wọ́n á wá yí i sínú ọbẹ̀ gbígbóná kó parí síbẹ̀. Bí iyán oníkókó ṣe máa ń ti àwọn tiwa lójú ni pásítà tó rọ̀ jù ń ti kúùkù Ítálì lójú. Ṣùgbọ́n owó yín ni, ẹnu yín ni. Tẹ́ ẹ bá ń pè fún un, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó rọ̀ sí i fún yín, ó dáa ju kẹ́ ẹ máa dá a padà lọ. Tàbí kẹ́ ẹ mú tagliatelle (pásítà pẹlẹbẹ gígùn) tí wọ́n fi ẹyin pò ní tútù, ìyẹn máa ń rọ̀ ju ti inú páálí lọ.

Ojú dúdú díẹ̀díẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí létí pizza náà, kò jóná o. Ààrò tí wọ́n ń lò fún irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Naples máa ń gbóná ju 430°C lọ, pizza ò sì ń lò ju ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ gbé ọmọbìnrin kan jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, owó mi ò pọ̀, mi ò sì mọ orúkọ oúnjẹ yẹn pè. Kí ni kí n ṣe? — Bọ̀dá Yábàá

Àbúrò, fara balẹ̀. Oúnjẹ tálákà àdúgbò Naples ni pizza nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ojú títì ni wọ́n ti ń tà á, UNESCO ò sì ka iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é sí ogún àjogúnbá títí di 2017. Torí náà má lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sáàfin. Kò pọn dandan kó o mú gbogbo ìpele tó wà lórí mẹ́nù, láti antipasti (ìpanu ìbẹ̀rẹ̀) dé dolce (oúnjẹ aládùn ìparí). Margherita kan tó tóbi, àwo pásítà kan láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ó ti tó. Margherita ni owó ẹ̀ sábà máa ń kéré jù nínú pizza wọn, òun náà la sì fi ń mọ̀ bóyá kúùkù mọṣẹ́, torí kò sí ohun tó lè fi bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ lórí ẹ̀. Gnocchi, pè é ní "ńyókì". Bruschetta, "burusikẹ́ta". Tí ọ̀kan bá há ẹ lẹ́nu, na ìka sí i lórí mẹ́nù. Pizza, fọwọ́ jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ làwọn náà ń ṣe. Lọ́sàn-án àárín ọ̀sẹ̀ ni kó o lọ, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ máa ń ní oúnjẹ ọ̀sán tó dín owó, o ò sì ní há sórí Third Mainland Bridge tàdúrà-tàdúrà nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ ti jókòó dè ẹ́.

Àǹtí, ẹ̀pà àti irú kóró bẹ́ẹ̀ máa ń mú ọrùn ọmọ mi wú. Wọ́n pè wá síbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọmọdé kan nílé oúnjẹ Ítálì ní Lẹ́kí. Ṣé ká lọ? — Màmá Tọ́lá, Surulere

Ẹ lè lọ, ṣùgbọ́n ẹ pè wọ́n lórí fóònù ṣáájú, kẹ́ ẹ bá ẹni tó ń sè é gan-an sọ̀rọ̀. Pesto, ìyẹn ọbẹ̀ ewé basil wọn, ni kẹ́ ẹ sá fún kọ́kọ́, kóró pine ló wà nínú ti Genoa, àmọ́ torí ó wọ́n, ọ̀pọ̀ máa ń fi kajú rọ́pò ẹ̀. Mortadella máa ń ní pistachio nínú. Pizza aládùn tí wọ́n fi Nutella pa, hazelnut ni. Gelato, ìyẹn áísìkiriìmù wọn náà, ṣíbí kan ni wọ́n máa ń kì bọ inú oríṣiríṣi, torí náà kódà èyí tí kò ní kóró lè kó o. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ti ọmọ yín lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti pátákó tí wọ́n ti fọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé oògùn tí dókítà fún un sínú báàgì ọwọ́ yín, kó má ṣe wà nínú mọ́tò.