Ìbéèrè Yín: Sílíkọ́nì oníhò tó ń yọ́ sínú bọ́fà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A fi ásíìdì HF (hydrofluoric acid) àti iná mànàmáná gbẹ́ ihò tín-ín-tìn-ìn-tín sára sílíkọ́nì, a fi APTES (kẹ́míkà tó ń so purotéènì mọ́ ojú sílíkọ́nì) bo ojú rẹ̀, a sì so purotéènì mọ́ ọn. Kílẹ̀ tó mọ́ nínú bọ́fà (omi tí ìwọ̀n ásíìdì rẹ̀, ìyẹn pH, kì í tètè yí padà) pH 7.4, àwọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní pupa, ó ti di àwọ̀ ewé. Ṣé purotéènì wa ni kò dára?

Ìdáhùn: Purotéènì ò mọwọ́-mẹsẹ̀. Orí ilẹ̀ tó ń yọ́ lẹ kọ́lé sí.

Bí sílíkọ́nì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú HF, háídírójìn ló bo gbogbo ògiri ihò rẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ á máa fi ọ́síjìn dípò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bọ́fà á sì yọ́ ọ́ksáìdì yẹn (sílíkọ́nì tó ti gba ọ́síjìn) di silicic acid, tó ń bá omi lọ. Bí pH bá ṣe ga tó ni yíyọ́ náà ṣe ń yá tó. Àwọ̀ tí ẹ rí kì í ṣe aró: ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti òkè àti ìsàlẹ̀ ìpele oníhò náà ló ń mú un wá. Bí sílíkọ́nì inú ìpele náà bá ti ń dín kù, àwọ̀ á máa sún sọ́nà búlúù.

Orí ọ́ksáìdì yẹn gan-an ni APTES dì mọ́, wọ́n sì jọ ń lọ ni. Bí toluene tí ẹ fi pò ó bá tún ní ọ̀rinrin, APTES á so mọ́ ara rẹ̀, á di gúlúgúlú lẹ́nu ihò.

Dípò APTES, ẹ jẹ́ kí kábọ́nù di sílíkọ́nì mú tààrà, láìsí ọ́ksáìdì láàárín. Undecylenic acid la fara mọ́ jù: orí rẹ̀ kan á so mọ́ sílíkọ́nì, orí kejì á dúró gẹ́gẹ́ bí ásíìdì tí ẹ ó fi mú purotéènì. Ẹ fi náítírójìn fẹ́ inú ásíìdì náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ọ́síjìn lè jáde kí sílíkọ́nì tó wọlé. Sílíkọ́nì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, tí ẹ fi ẹ́tánọ̀l ṣàn, tí ẹ sì fi náítírójìn gbẹ. Èyí tó ti sùn síta ti bàjẹ́. Ẹ gbé e sí 120°C di ọjọ́ kejì, kí náítírójìn má dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ́tánọ̀l ṣàn án léraléra. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú nìyí: ásíìdì tó kàn sá pamọ́ sínú ihò á jọ èyí tó so lójú FTIR (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infurarẹ́ẹ̀dì dá ìdè kẹ́míkà mọ̀).

Lórí FTIR, ẹ wá C=O (àmì ásíìdì náà) nítòsí 1,710 cm⁻¹. Si–H (àmì háídírójìn ara sílíkọ́nì) nítòsí 2,100 á dín kù, àmọ́ kò ní tán, nítorí àyè kò gba ásíìdì tó pọ̀ tó láti dé ibi gbogbo. Bí òkè 1,050 sí 1,100 (àmì ọ́ksáìdì) bá ga gan-an, afẹ́fẹ́ ti yọ́ wọlé.

Ojú tuntun yìí kórìíra omi. Ẹ fi ẹ́tánọ̀l rin ín ná, kí ẹ tó máa fi bọ́fà rọ́pò rẹ̀. Inú bọ́fà MES, pH 5.5, ni kí ẹ ti lo EDC àti NHS (kẹ́míkà tó ń mú kí ásíìdì náà di purotéènì mú), kí ẹ sì pò wọ́n lójú ẹsẹ̀, torí omi ń ba EDC jẹ́. Ẹ má lo bọ́fà Tris rárá: amine rẹ̀ (apá tó lè so mọ́ ásíìdì náà) á gba àyè purotéènì. Ẹ wọn ihò yín pẹ̀lú. IgG (àńtíbọ́dì kan) tó tó bíi nanomita 10 sí 15 kò lè wọ ihò nanomita 5.

Ìbéèrè: Ṣé ife dígí ṣeé fi gbẹ́ ihò náà?

Ìdáhùn: Rárá o, HF ń jẹ dígí. Teflon ni kí ẹ lò. Jẹ́ẹ̀lì calcium gluconate 2.5% gbọ́dọ̀ wà nítòsí kí ẹ tó ṣí ìgò HF. Bó bá ta sí yín lára, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fi jẹ́ẹ̀lì pa á, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ, bí kò tilẹ̀ tíì dùn yín.